Ẹ̀ṣọ́ Méjì fún Ìsun Ìdó-Àràbà

Ẹ fà mọ́ra, ẹ̀yin tí ẹ jókòó síwájú, kí àwọn tó wà lẹ́yìn lè ráyè gbọ́ mi. Ẹni tí ikọ́ bá ń yọ lẹ́nu, kó wú u tán nísinsìnyí, torí pé bí mo bá bẹ̀rẹ̀, mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni já lu ọ̀rọ̀ mi. Èmi ni Ọdẹ́jìnmí, ọdẹ tí ẹfọ̀n rí tó ṣe bí ẹni pé òun ò rí i. Èmi ni mo bá erè du ibùsùn nínú ihò àpáta, tí erè sì sùn síta. Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé irọ́ ni mò ń pa, kó lọ bi erè náà. Mi ò ní fi bí mo ṣe jí àti bí mo ṣe fọ ẹnu gba àkókò yín, gbogbo ọdẹ ló ń ṣe ìyẹn. Ìrìn àjò kan ṣoṣo ni mo fẹ́ sọ fún yín, èyí tí mo fi lọ wá ẹ̀ṣọ́ wá sí ìlú yìí, nítorí àbúrò mi.

Ẹ mọ̀ pé Ìdó-Àràbà kò ní odò. Ìsun kan ṣoṣo tó ń sun lábẹ́ àpáta ni gbogbo wa ń mu, àwọn bàbá wa sì mọ ògiri yí i ká, wọ́n fi ilẹ̀kùn ìrókò sí i. Àbúrò mi obìnrin, Àwẹ̀ró, ni ó ń tọ́jú ilẹ̀kùn náà. Opó ni, kò sì bímọ. Ìsun yẹn ló ń kẹ́ bí ọmọ. Lọ́dún tí mò ń wí yìí, ọ̀gbẹlẹ̀ mú wa gidigidi, omi ìsun sì ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í pòórá. Láàárọ̀ á kún dẹ́múdẹ́mú. Tó bá di ọ̀sán gangan, tí gbogbo wa ti lọ sóko, á gbẹ táútáú, á wá ku ẹrẹ̀ nìkan. Bí wọ́n bá bi Àwẹ̀ró, á ní oorun ló gbé òun lọ, òun ò rí ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò! Ẹni tí a fi ṣọ́ omi, tó ní lójoojúmọ́ ni oorun ń gbé òun lọ lójú iṣẹ́! Àwọn ẹlẹ́nu bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ṣe ló ń bu omi náà fún àwọn ará ìlú Òkè-Ọsẹ̀, aládùúgbò wa. Baálẹ̀ pè é sáàárín ìlú, ó ní bó bá fi di ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀ tí ojú ìlú kò rí olè náà, kó di ẹrù rẹ̀, kó máa lọ. Ó ní, “Ojú ìlú ni mo wí o, Àwẹ̀ró. Mi ò fẹ́ àlàyé.” Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí dé eegun. Èmi àti òun nìkan ni ìyá wa bí. Bí ó bá lọ, ta ni yóò kù láyé yìí tí yóò máa sọ fún mi pé kí n panu mi mọ́?

Mo kó àwọn ọdẹ ẹlẹgbẹ́ mi jọ. Bàbá Ọdẹ́lékè, tó dàgbà jù nínú wa, ní kí n lọ pe iwin wá. Ó ní iwin kì í jẹun, kì í sùn, kì í ṣàìsàn. Bí èèyàn bá fi í sẹ́nu ọ̀nà lónìí tó sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀, ọmọ ọmọ rẹ̀ á bá a níbẹ̀. Ni Ògúnmákin, ọ̀rẹ́ mi tí kì í gbà fún ẹnikẹ́ni, bá fò dìde. “Iwin kẹ̀? Iwin tí kò léyín lẹ́nu? Olè wo ló ń sá fún afẹ́fẹ́? Ẹranko abàmì ni kó lọ mú wá o, èyí tó ní eyín, tó ní èékánná, tí olè á rí tí á gbàgbé orúkọ bàbá ẹ̀.” Bàbá Ọdẹ́lékè ní, “Ta ni yóò máa bọ́ ọ? Ìwọ? Ìwọ tí ajá rẹ ń wá oúnjẹ wá sílé mi?” Wọ́n fà á títí ó fi kù díẹ̀ kí wọ́n gbé ara wọn lulẹ̀. Mo dìde, mo ní kí wọ́n dákẹ́. Mo ní ọdẹ tí agbára rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ ni kó máa yàn, ní tèmi, méjèèjì ni n ó mú bọ̀. Bí mo ṣe sọ ọ́ tán ni ẹ̀rù bà mí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti jáde lẹ́nu ná.

Igbó Ajẹ́pè ni mo gbà lọ. Ìdí tí wọ́n fi ń pè é bẹ́ẹ̀ ni pé ohun yòówù kí èèyàn pè níbẹ̀, nǹkan kan á jẹ́ ẹ. Ọdẹ kan sín níbẹ̀ rí, nǹkan kan sì kí i pé pẹ̀lẹ́. Ọdẹ náà kò dúró mọ́ títí ó fi délé, kò sì tún sín láti ọjọ́ náà. Èmi ní tèmi, àárín igbó náà ni mo wọ̀, níbi tí àwọn igi ti fara kan ara wọn, mo la ẹnu gbàgà, mo pè é: “Ẹ̀ṣọ́ o!” Ohùn kan dáhùn lẹ́yìn mi pé, “Èmi rèé o, ẹ kú ìrìn, ẹ kú ọ̀nà jíjìn.” Ẹ gbọ́ mi o, ohùn nìkan ló kọ́kọ́ dé! Ó pẹ́ díẹ̀ kí ẹnu tó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni orí dé, tí àyà dé, tí ẹsẹ̀ tí kò kan ilẹ̀ wá dé gbẹ̀yìn. Ó ga, ó tín-ín-rín, ara rẹ̀ rí bí èéfín igi tútù. Ó ní Jẹ́jẹ́lóhùn ni orúkọ òun. Iwin náà níwà débi pé ewúrẹ́ ìgbẹ́ kan kọjá, ó sì kí i pé ẹ kú ojú ọjọ́.

Mo ní mo fẹ́ kó wá bá wa ṣọ́ omi. Ó ní, “Omi tó ń lọ ni, àbí omi tó ń bọ̀?” Mo ní omi tó jókòó ni. Ó ní, “Omi kì í jókòó, ẹni tó lọ pọn ọ́n ló ń jókòó.” Mo ní kó ṣọ́ ibi tí omi ti ń sun. Ó ní, “Bí omi bá ń sùn, ṣé kí n jí i?” Inú bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi. Mo ní, “Gbọ́ mi dáadáa. Ìsun ni, ó ní ògiri, ó ní ilẹ̀kùn. Má jẹ́ kí olè wọlé. Ó parí.” Ó ní, “Ó dára bẹ́ẹ̀. Ta ni à ń pè ní olè?” Ẹ̀yin ará, níbẹ̀ yẹn gan-an ni ó yẹ kí n jókòó kí n ronú. Ṣùgbọ́n oòrùn ń pa mí, mo fẹ́ kí ọ̀rọ̀ tán, mo sì dá a lóhùn wàrà pé, “Ẹni tó bá wọlé láìtọrọ àyè, olè ni.” Iwin náà forí balẹ̀, ó ní ó ti yé òun. Ó ní òun kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ mi, àfi pé kí n má ṣe fi ẹnu ara mi yin ara mi títí a ó fi délé, nítorí ariwo ìyẹn ló lé òun kúrò lọ́dọ̀ ọdẹ tí òun bá ṣiṣẹ́ kẹ́yìn. Mo gbà. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí, ẹ mọ ohun tí mo san.

A kò tíì rìn jìnnà tí ilẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ẹranko kan yọ sí wa láti inú igbó, ó tó màlúù, ìpẹ́ ara rẹ̀ dà bíi ti akika, orí rẹ̀ jọ ti ìmàdò, ìrù rẹ̀ sì jẹ́ mẹ́ta, ìrù kọ̀ọ̀kan ń na èkejì. Ó wò mí lẹ́ẹ̀kan, ó bú ramúramù, ó sì dojú kọ mí. Ẹ má bi mí bí mo ṣe dé orí igi. Ohun tí mo mọ̀ ni pé mo wà nílẹ̀, mo sì tún wà lókè. Ó ń fi orí gbá igi náà, ẹ̀ka tí mo dì mú sì ń dún wékewèke. Mo kígbe sí iwin pé, “Jẹ́jẹ́lóhùn, gbà mí o!” Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, ó ní, “Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Omi ni a jọ sọ, ẹ kò dárúkọ ara yín. Ṣùgbọ́n mò ń wò yín tàánútàánú.” Mo la ẹnu láti sọ fún ẹranko náà irú ẹni tí mo jẹ́, pé èmi ni mo lé ẹfọ̀n wọ odò. Iwin ní, “Ẹ rántí àdéhùn o.” Mo pa ẹnu dé. Ojú mi rí màbo lọ́jọ́ náà, nítorí kí a máa kú lọ dára ju kí a máa kú lọ láìlè sọ irú ẹni tó ń kú.

Ibi tí mo ti ń wo ẹranko náà láti òkè ni mo ti rí ohun kan. Gbogbo ẹ̀yìn etí rẹ̀ ló kún fún eégbọn, wọ́n sanra, wọ́n tò bí ẹ̀wà. Bó ṣe ń kan igi, kì í ṣe èmi nìkan ló ń bá jà, ṣe ló ń fi igi họra. Àánú rẹ̀ ṣe mí, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí. Mo ju ẹja gbígbẹ kan inú àpò mi sílẹ̀, ó gbé e mì pẹ̀lú egungun. Mo ju òmíràn, ó sì gbójú sókè wò mí, kò bú mọ́. Mo rọra sọ̀ kalẹ̀, ìrù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dúró gbọnrangandan, mo na ọwọ́, mo já eégbọn kan lẹ́yìn etí rẹ̀. Ẹranko tó tó màlúù ni mo ń wí o! Ó mí kanlẹ̀, ó wó lulẹ̀ gbìì, ó sì yí etí kejì sí mi. Títí mo fi já ẹyọ eégbọn tó gbẹ̀yìn, ó ń dún nínú bí ìyá arúgbó tí wọ́n ń dì nírun. Nígbà tí mo dìde láti máa lọ, ó dìde, ó sì tẹ̀ lé mi.

Bí a ṣe wọ ìlú nìyẹn, èmi níwájú, iwin lápá ọ̀tún, ẹranko lápá òsì. Mo kan ń fi ẹsẹ̀ kan ẹnu ọ̀nà ilé mi ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í ki ara mi, mo sì ki ara mi títí ẹnu fi bó mi. Lọ́jọ́ kejì mo fi iwin sẹ́nu ilẹ̀kùn ìsun, èmi àti Àwẹ̀ró sì lọ sóko pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀. Ìgbà tí a dé, ẹrẹ̀! Omi kò kù tó èyí tí ológbò á lá. Jẹ́jẹ́lóhùn dúró sípò rẹ̀ gbágbáágbá, kò mira. Mo pariwo mọ́ ọn pé ta ló wọlé. Ó ní, “Olè kankan kò wọlé. Bàbá kan tó níwà ló wá. Ó ní ‘Àgò o’, mo sì ní ‘Àgò yà’. Ó tọrọ àyè, ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀yin lẹ sọ pé ẹni tí kò bá tọrọ àyè ni olè.” Àwẹ̀ró gbá orí mú. “Yéè! Ẹ̀gbọ́n mi, èmi náà dá a lóhùn! Lójoojúmọ́ ni ẹnìkan ń kan ilẹ̀kùn ní ‘Àgò o’. Mo máa ní ‘Àgò yà’, oorun á sì gbé mi lọ. Mi ò rò ó mọ́ nǹkan kan. Ta ni yóò gbọ́ àgò tí kò ní dáhùn?” Òótọ́ ló sọ. Nínú gbogbo ìlú yìí, ẹ fi ẹni kan hàn mí tí yóò gbọ́ àgò lẹ́nu ọ̀nà tí yóò dákẹ́. Àárín ìkíni àti ìdáhùn ni olè náà ń gbà wọlé, èèyàn tó bá sì dá a lóhùn ni oorun rẹ̀ ń gbé lọ.

Mo sọ fún iwin pé kó má dáhùn mọ́. Ojú rẹ̀ kọ́rẹ́ lọ́wọ́. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ kò mọ irú ẹ̀dá tí mo jẹ́ ni? Ẹ pè mí ni mo fi wà níhìn-ín. Ohun tí wọ́n bá pè, jíjẹ́ ni iṣẹ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá ní àgò tí mo dákẹ́, n kò ní sí mọ́.” Ògúnmákin gbọ́, ó yọ̀ mọ́ Bàbá Ọdẹ́lékè lójú, ó ní òun kúkú ti wí, ẹranko ni ká lò. A gbé ẹranko síbẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ẹ jẹ́ kí n má fa ọ̀rọ̀ gùn. Ó lé àwọn apọnmi, ó fa ẹ̀yìn agbádá Baálẹ̀ ya, aboyún kan sá gun orí àpáta tí a kò mọ bí a ó ṣe gbé e sọ̀. Nígbà tó wá di ọ̀sán, ẹnìkan ju ẹja sí ẹ̀yìn ògiri, ẹranko sì tẹ̀ lé òórùn ẹja lọ. A tún bá ẹrẹ̀. Èyí tó léyín kò mọ ẹni tó yẹ kó gé jẹ, èyí tó mọ ọ̀rọ̀ í sọ kò léyín. Ọ̀la sì ni ọjọ́ ọjà. Mo rí Àwẹ̀ró tó ń di ẹrù rẹ̀, kò sunkún, ó kàn ń ká aṣọ rẹ̀ jẹ́jẹ́. Mi ò lè wò ó, mo jáde.

Mo lọ jókòó ti ẹranko mi lẹ́yìnkùnlé, mo ń họ ọ́ létí, inú mi bàjẹ́. Ó wá sí mi lọ́kàn pé láti ìgbà tí a ti dé, a ò tíì sọ ọ́ lórúkọ. Ẹ̀yin ará, ibẹ̀ ni ọgbọ́n ti bọ́ sí mi lọ́wọ́, mo fò sókè, mo kígbe, ẹranko náà kígbe. Mo lọ kó gbogbo ẹja gbígbẹ tó wà nínú ilé mi, mo sì sọ ọ́ lórúkọ. Bí mo bá pè é tó sì yíjú, mo fún un lẹ́ja. Bí mo bá lọ jìnnà tí mo pè é tó sì sáré wá, mo fún un lẹ́ja, mo tún họ ọ́ létí. Bó bá gbọ́ ohun mìíràn tó sì mira, kò rí nǹkan kan. Àwọn ará ilé mi rò pé ìbànújẹ́ ti da orí mi rú, torí orúkọ yẹn nìkan ni wọ́n ń gbọ́ lẹ́nu mi. Kó tó di pé a kúrò nílé, bí mo bá sọ ọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ lẹ́yìn ògiri, ẹranko náà á ti dé ọ̀dọ̀ mi kí n tó pa ẹnu dé.

Lọ́jọ́ ọjà, mo bẹ Baálẹ̀ àti àwọn àgbà pé kí wọ́n bá mi fara pamọ́ sẹ́yìn àpáta kí oòrùn tó kan àtàrí. Baálẹ̀ ń kùn pé wọ́n ti gbé ẹrù Àwẹ̀ró lọ sí ẹnubodè, Àwẹ̀ró fúnra rẹ̀ sì ti jókòó lé e lórí, pé kí ni mo tún ń dá wọn dúró sí. Mo fi iwin sẹ́nu ilẹ̀kùn, mo sì fi ẹranko sí ẹ̀yìn ògiri pẹ̀lú ẹja kan níwájú rẹ̀ tí mo ní kó má fọwọ́ kàn. A dúró. Oòrùn mú. Baálẹ̀ ti ń dìde láti máa lọ nígbà tí a rí i tó ń bọ̀. Ọ̀fàgbẹ ni! Ọ̀fàgbẹ, ẹbọra tí àwọn ọdẹ àtijọ́ ń sọ pé ó fa adágún kan gbẹ nínú oorun. Ó wọ agbádá funfun, ó dé fìlà, ọrùn rẹ̀ gùn débi pé ó ká a mọ́ èjìká bí ìgbà tí obìnrin bá wé gèlè, ikùn rẹ̀ sì rọ̀ wọ̀jọ̀ bí àpò òfìfo. Ó gbọn ẹ̀wù rẹ̀, ó tọ́ fìlà, ó sì kan ilẹ̀kùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

“Àgò o!” Ohùn rẹ̀ dùn, ọ̀kan nínú àwọn àgbà tó wà lọ́dọ̀ mi ti la ẹnu láti dáhùn, mo fi ọwọ́ bò ó lẹ́nu. Jẹ́jẹ́lóhùn tẹrí ba bó ṣe yẹ, ó sì fi gbogbo ohùn dáhùn: “Àgò yà!”

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí n sọ orúkọ ẹranko náà fún yín. Àgòyà ni mo sọ ọ́. Ó gbọ́ tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀, kò tilẹ̀ wo ẹja. Ó fo ògiri kọjá bí ẹni fo ẹnu ọ̀nà, ìrù mẹ́ta lókè, ó ń wá ẹni tó pè é, ó ń retí kí wọ́n họ òun létí. Ọ̀fàgbẹ ló bá lẹ́nu ọ̀nà. Ó fi orí kàn án pẹ̀lú ìfẹ́, Ọ̀fàgbẹ ṣubú. Ọ̀fàgbẹ ń kígbe pé, “Àgò! Àgò o! Mo ní àgò!” Iwin sì ń dá a lóhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé, “Àgò yà! Àgò yà, bàbá! Àgò yà!” Bí ó ṣe ń dáhùn ni Àgòyà ń rò pé wọ́n ń pe òun síwájú sí i, ó gun Ọ̀fàgbẹ láyà, ó jókòó lé e níkùn, ó sì gbé etí sí i lẹ́nu. Ọ̀gbàrá omi tú jáde lẹ́nu ẹbọra náà. Omi àná, omi ìjẹta, omi ọ̀sẹ̀ tó kọjá, gbogbo rẹ̀ ń ṣàn padà sínú ìsun, pẹ̀lú igbá tí ìyàwó Baálẹ̀ ti ń wá kiri. Ọwọ́ pálábá Ọ̀fàgbẹ ségi lójú gbogbo ìlú, nítorí àwọn tó ti oko dé ti gbọ́ ariwo, wọ́n ti kún ibẹ̀ bámúbámú. Nígbà tí ikùn rẹ̀ pẹlẹbẹ, ó fa ara rẹ̀ yọ, ó sì bẹ́ sígbó láìdé fìlà. A kò gbúròó rẹ̀ mọ́ títí di òní.

Wọ́n gbé mi sókè. Wọ́n gbé Àgòyà sókè, ó wúwo, wọ́n jù ú sílẹ̀. Bàbá Ọdẹ́lékè ń pariwo pé ẹ rí i, iwin ló mú olè. Ògúnmákin ní ẹ má gbọ́ tirẹ̀, ẹranko ló mú olè. Àwọn méjèèjì ṣì wà lórí ọ̀rọ̀ náà di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. Mo ki ara mi débi pé àwọn ọ̀tá mi gan-an bá mi gbè é. Ṣùgbọ́n Baálẹ̀ kò bá wa jó. Ó ṣí fìlà, ó rìn lọ sí ẹnubodè, gbogbo wa sì tẹ̀ lé e.

Àwẹ̀ró ṣì jókòó lórí ẹrù rẹ̀. Baálẹ̀ ní, “Àwẹ̀ró, mo ṣì ọ́ dá lẹ́jọ́. Jọ̀ọ́, dìde, padà sílé.” Àwẹ̀ró dìde. Ó ní, “Mo ti gbọ́, bàbá. N ó padà. Ṣùgbọ́n ẹrù yìí, èmi kọ́ ni mo ní kí wọ́n gbé e jáde.” Àwọn géńdé sáré wá láti gbé e, Baálẹ̀ dá wọn dúró. Ó tẹ̀, ó gbé ẹrù náà lérí fúnra rẹ̀, ẹní, àpótí, àti ìkòkò, ó sì kọrí sí ilé àbúrò mi láàárín ọjà tó kún. Àwẹ̀ró ń rìn lẹ́yìn rẹ̀, orí rẹ̀ gbé sókè, ó ń sọ fún un tìfẹ́tìfẹ́ pé, “Ẹ rọra o, bàbá. Ọbẹ̀ wà nínú èyí tó wà lókè.”